Èwo ló jẹ́ àmì tó dájú jù pé ohun ẹlẹ́mìí wà ní pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn: ọ́síjìn nìkan, àbí ọ́síjìn pẹ̀lú gáàsì mẹ́tánì?

Ọ́síjìn kó ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ ayé wa; ewéko àti àwọn ohun tín-ín-tín inú omi ló ń tú u jáde. Síbẹ̀, bí a bá rí òun nìkan ní pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, mi ò ní tètè yọ̀. Ìtànṣán ìràwọ̀ rẹ̀ lè fọ́ oru omi, kí háídrójìn fò lọ, kí ọ́síjìn ṣẹ́kù, láìsí ohun ẹlẹ́mìí kankan níbẹ̀.

Ọ́síjìn pẹ̀lú mẹ́tánì ni mo fara mọ́. Wọn kì í gbé pọ̀ pẹ́, ńṣe ni wọ́n ń ba ara wọn jẹ́. Bí méjèèjì bá wà pọ̀, nǹkan kan ń pèsè wọn láìdáwọ́ dúró. Lọ́dún 1990, ọkọ̀ òfuurufú Galileo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé wa, ó sì rí méjèèjì.