Gọ́ọ̀mù tó mú ọrùn gìtá mi, àtèyí tó já mi kulẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lu gìtá nílé bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sáré lọ ra súpà gúlù, ẹ ka èyí ná.

Gìtá mi ṣubú látorí àga, bó ṣe balẹ̀ báyìí ló kán níbi tí orí ẹ̀ ti pàdé ọrùn, ó là gbọọrọ, àwọn okùn ẹ̀ nìkan ló ṣì dì í mú. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an torí gìtá yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́ mi. Mo bá sáré ra súpà gúlù kékeré kan, èyí téèyàn ò ní tíì ka ẹẹ́wàá tó ti mú. Ó sì mú lóòótọ́ o. Mo so okùn padà, mo fà á títí ohùn ẹ̀ fi pé, mo lọ sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti tún là, ojú ibi tó là wá ń dán bíi dígí.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé okùn onírin mẹ́fà, tá a bá ti fà wọ́n dé ohùn, agbára tí wọ́n fi ń fa ọrùn gìtá lè lé ní 70 kílò, ìyẹn ju odindi àpò sìmẹ́ńtì kan lọ, tọ̀sán-tòru. Súpà gúlù lágbára, àmọ́ tó bá gbẹ tán ṣe ló máa ń gan bíi bísíkíìtì, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀, nǹkan bá gbá a báyìí, ó ti là nìyẹn. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ó ti wọnú igi lọ, gọ́ọ̀mù míì ò ráyè wọlé mọ́, odindi ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo fi rọra ń ha á kúrò. Ẹ má sì fi òwú nù ún o, ó máa ń gbóná lójijì, ó lè jó yín lọ́wọ́.

Káfíńtà àdúgbò wa ló ní kí n lọ ra Top Bond, gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń kan àga. Ó ya ojú ibi tó là díẹ̀, ó fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ ti gọ́ọ̀mù wọnú ẹ̀ títí ó fi ń yọ jáde lódìkejì, ó fi aṣọ tútù nu èyí tó yọ, ó wá fi kíláǹpù méjì há a mọ́ra, ó ní mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án dọ̀la. Èmi fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Látìgbà yẹn kò tíì yẹ̀ rárá, tẹ́ ẹ bá fi èékánná yẹ ojú ibẹ̀ wò, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ooru, ẹ má fi irú gìtá bẹ́ẹ̀ sínú mọ́tò nínú oòrùn, ó lè rọ̀ kí okùn sì fà á yẹ̀.

Tígi bá ti fọ́ dànù tí àlàfo wà níbẹ̀, Top Bond ò lè dí i, Araldite, gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀ yẹn, ló máa ṣe é. Òun náà ni mo fi lẹ ẹsẹ̀ onírin ìdúró gìtá mi. Iye kan náà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ jáde nínú méjèèjì o! Mo rò pé tí mo bá fi èyí tó ń mú un gan kún un, á tètè gbẹ, ọjọ́ kẹta ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo ní láti ha gbogbo ẹ̀ kúrò kí n tún un pò. Gọ́ọ̀mù àwọn ṣúmékà dáa fún fóòmù inú àpò gìtá, ẹ fi pa ojú méjèèjì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ike tí wọ́n kọ 2 tàbí 5 sínú àmì onígun mẹ́ta ìdí ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ náwó, kò sí ìkankan nínú wọn tó máa mú un dáadáa.

Mi ò ju súpà gúlù mi nù ṣá, torí egungun kékeré tí okùn ń gbà kọjá lórí ọrùn, tó bá yọ, ẹ̀kán kan ẹ̀ ló nílò.

Tí tiyín bá kán lónìí, ẹ kọ́kọ́ tú okùn ẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì máa ṣí i kẹ́ ẹ tún máa pa á dé láti wò ó, torí àwọn fọ́nrán igi tó yọ síta yẹn ló máa jẹ́ kó padà wọnú ara ẹ̀ régé.