Kámẹ́rà onísólà tí mo fi ń ṣọ́ ilé wa ní Odògbólú: ogún oṣù lẹ́yìn tí mo rà á

Bí kámẹ́rà yìí bá bàjẹ́ lọ́la, màá ra òmíràn. Àmọ́ kì í ṣe torí ohun tí ẹni tó tà á fún mi ní Alábà sọ. Ó ní yóò bá mi mú olè. Ogún oṣù rèé, kò tíì mú olè kankan.

Ṣùúrùlérè là ń gbé. Ilé wà ní Odògbólú, yàrá mẹ́rin, tí èmi àti ọkọ mi fi ọdún mọ́kànlá kọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú mọ irú ilé tí mò ń sọ. A ó kọ́ ọ, a ó kùn ún, a ó gbé àga olówó gọbọi sí i, a ó wá tì í pa. Iléyá àti Ojúde Ọba, ọjọ́ márùn-ún. Kérésì, ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹnì kan bá ń sìnkú tàbí tó ń gbéyàwó, ọjọ́ méjì. Ìyókù ọdún, alángbá ló nilé.

Kérésì 2023 la débẹ̀ tá a ṣí ẹ̀rọ omi, tí omi ò yọ. Ọkọ mi rò pé iná ni ò sí. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó pẹ́ kó tó padà wá. Wọ́n ti yọ pọ́ǹpù, wọ́n ti gé wáyà láti ara òpó títí dé ògiri, wọ́n sì ti kó bátìrì ìńfátà méjèèjì lọ. Wọn ò kánjú rárá. Ọ̀rá omi tí wọ́n mu àti páálí bísíkíìtì ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé a ò mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Bàbá Ìbejì, tó ń bá wa gbálẹ̀ tó sì ń ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé, ní òun wá lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, gbogbo nǹkan pé. Ọkọ mi wò mí, èmi náà wò ó. A ò sọ̀rọ̀, àmọ́ Bàbá rí bá a ṣe wo ara wa.

Ní oṣù kẹrin 2024 ni mo ra kámẹ́rà. ₦72,000 ni mo san, mo sì fi ₦8,500 ra káàdì 64GB tó ń gba àwòrán sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbi ríra yẹn o. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà, wọ́n sì jọra bí ìbejì: ọ̀kan ń lo Wi-Fi, èkejì ń lo síìmù 4G. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé, níbo ló ti fẹ́ rí Wi-Fi? Ti Wi-Fi lọmọkùnrin yẹn kọ́kọ́ nà sí mi. Bí kì í bá ṣe pé ọmọ mi tó wà ní Kánádà ti kì mí nílọ̀ pé kí n wo ihò tí wọ́n ń ki síìmù sí, ṣe ni ǹ bá gbé ẹrù òfìfo lọ sí Odògbólú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Kì í lajú ní gbogbo ìgbà. Ó ń sùn ni, kí bátìrì inú rẹ̀ má bàa tán, títí nǹkan tí ara rẹ̀ gbóná á fi rìn kọjá níwájú rẹ̀. Ìgbà náà ni yóò jí, yóò ká àwòrán ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fóònù mi á sì dún. Sólà rẹ̀ kò ju àwo oúnjẹ ńlá kan lọ. A lè yí orí rẹ̀ láti orí fóònù, ó ní ẹnu tí a lè gbà sọ̀rọ̀, ó sì ní etí. Àbùkù tó wà nínú oorun yẹn ni pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jí. Ẹni tó bá sáré kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Mo ní àwòrán ẹ̀yìn ènìyàn tó pọ̀ tó láti fi ṣe ìwé.

Oníná tó bá wa gbé e kọ́ fi sólà sábẹ́ ẹ̀ka máńgòrò, ó ní kó má bàa gbóná jù. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bátìrì ti já sí 20 nínú 100. Àwọn aládùúgbò ní kí n gbé e dojú kọ ibi tí oòrùn ti ń yọ, àwọn mìíràn ní ibi tó ti ń wọ̀. Ọmọ mi ló là mí lóye. Ní agbègbè tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àtàrí gan-an ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá. Ó ń fì sí gúúsù nígbà ọyẹ́, ó sì ń fì sí àríwá ní nǹkan bí oṣù kẹfà. Nítorí náà ká tẹ́ sólà sílẹ̀, ká kàn dà á síwájú díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́, ká sì gbé e jìnnà sí òjìji. A gbé e sórí páìpù irin lókè géètì. Láti ìgbà yẹn, ìgbà méjì péré ló dẹ́rù bà mí: òpin oṣù keje sí oṣù kẹjọ tí ojú ọ̀run ò là, àti ìgbà ọyẹ́ tí eruku bò ó bí ẹni tó kun àtíkè. Aṣọ tútù ló parí ti ọyẹ́. Ti òjò, àfi sùúrù.

Ìdájí lọ̀tá rẹ̀ gan-an ń dé. Kámẹ́rà ní iná kan tí ojú ènìyàn ò lè rí tó fi ń ríran lóru, aláǹtakùn sì ni ọ̀tá náà. Ó máa ń ta òwú sójú rẹ̀, gbogbo nǹkan á wá funfun bí aṣọ àlà. Ní oṣù àkọ́kọ́, fóònù mi ń dún ní ìgbà ogójì lójúmọ́: ewúrẹ́, adìyẹ, ajá aládùúgbò, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú atẹ́gùn. Ọkọ mi ní kí n kúkú lọ fẹ́ ewúrẹ́. Nínú áàpù, ibì kan wà tẹ́ ẹ ti lè sọ pé ènìyàn nìkan ni kó máa jíṣẹ́ nípa rẹ̀, ẹ sì lè dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ sì tún yí ọ̀rọ̀ ìwọlé tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ padà, torí àìmọye ènìyàn ló mọ̀ ọ́n.

Síìmù ńkọ́? Ẹ fi NIN yín forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ti fóònù. Dátà 7GB ń tó mi fún oṣù kan, ₦3,500, lẹ́yìn tí owó dátà ti gbéra ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Bẹ́ ẹ bá ń wò ó bí ẹni ń wo fíìmù, kò ní tó yín. Ẹ̀bi tèmi ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2024: mo gbàgbé pé ọgbọ̀n ọjọ́ ni dátà ń lò kó tó kú, bó tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi rò pé ilé wa dákẹ́ rọ́rọ́. Kámẹ́rà ló dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Agẹmọ, torí kò sí nínú ìwé ìlò tí wọ́n fi sínú páálí. Odògbólú nìlú Tàmí, olórí àwọn Agẹmọ, ojú ọ̀nà sì ni géètì wa kọjú sí. Ní oṣù keje 2024, bàbá àgbà kan ládùúgbò pè mí ní Èkó. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ọkọ àti ọmọ, ó wá ní, "Ìyá Èkó, ohun tẹ́ ẹ gbé sókè géètì yẹn, ṣé kì í ṣe pé ó ń ríran?" Mo ní ó ń ríran, sà. Ó ní, "Ta ló ń rí ohun tó bá rí?" Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ náà yé mi. Obìnrin kì í wo Agẹmọ. Àwọn Agẹmọ ti fẹ́ gbéra lọ sí Ìmòsàn tí wọ́n ti ń pàdé, obìnrin ilé á ti ilẹ̀kùn, èmi á wá jókòó sí Ṣùúrùlérè, àwòrán á bá mi nínú fóònù!

Mo ní kò burú, màá yí orí rẹ̀ sẹ́yìn. Mo mú fóònù, mo dúró. Kí n tó lè yí i, mo gbọ́dọ̀ ṣí i. Bí mo bá sì ṣí i, mo ti wò ó nìyẹn. Ọkọ mi wà ní ibi iṣẹ́, kò sì ní áàpù náà. Ọmọ mi ọkùnrin ní Toronto ni mo jí lójú oorun kó yí kámẹ́rà sí ọ̀dọ̀ táǹkì omi, mo sì pa ohùn tirẹ̀ lórí fóònù mi. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wo táǹkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé ní ojú ọ̀nà tí Orò tàbí Agẹmọ ń gbà, ẹ rò ó kẹ́ ẹ tó lu ìṣó àkọ́kọ́.

Àṣìṣe mi tó tóbi jù kò kan ẹ̀rọ rárá. Mi ò sọ fún Bàbá Ìbejì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá gbálẹ̀ lẹ́yìn tá a gbé e kọ́, ó gbójú sókè, ó rí i. Mo wà ní Èkó, mò ń wò ó bó ṣe ń wò mí. Ó pẹ́. Ó wá rọra fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó jáde, ó ti géètì. Ọ̀sẹ̀ méjì kò wá. Èmi àti ọkọ mi gbé búrẹ́dì àti ọtí dání lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ tiwa tán, ó ní, "Ìyá Èkó, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń tọ́jú ilé yín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣọ́ mi, ẹ sọ fún mi. Ẹ má fi ohun tí ò lè kí mi ṣọ́ mi." Ojú tì mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a ti padà sí Èkó, ó wọlé, mo sì gba ẹnu kámẹ́rà kí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá." Ó fò bí ẹni tí iná gbé. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó mà lè kíni."

Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan dàwátì lẹ́yìn ilé. Láyé àtijọ́, mo mọ ẹni tí ǹ bá fi ojú inú wò. Mo ṣí káàdì. Àbúrò ọkọ mi ni, pẹ̀lú àdá àti kẹ̀kẹ́ Maruwa, ó tiẹ̀ juwọ́ sí kámẹ́rà. (Mi ò tíì sọ fún un. Ó máa ka èyí.) Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sanwó dátà lóṣooṣù. Nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo mọ ọjọ́, mo mọ wákàtí, mi ò sì ní láti wo ẹni tí kò ṣe é tìfura-tìfura.

Olè náà ńkọ́? Wọ́n wá ní oṣù kejì 2025, àwọn méjì, wọ́n gun fẹ́ǹsì ní nǹkan bí agogo méjì òru. Oorun ni mò ń sùn. Àmọ́ agogo mẹ́jọ alẹ́ ni lọ́dọ̀ ọmọ mi, ó sì ń jẹun lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá ní ènìyàn lókè òkun, ẹ fún un ní áàpù. Ẹni tí kò tíì sùn ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ. Ó tẹ fèrè, ó fi ohùn gbẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bú wọn ní Yorùbá tí mi ò mọ̀ pé ó ṣì gbọ́, ó sì pe Bàbá Ìbejì. Kí Bàbá àti àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò tó dé, wọ́n ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n fi pínsà kan sílẹ̀. A wo àwòrán wọn títí: fìlà, ojú dúdú-funfun tí kò ṣe é dá mọ̀. Ẹni tó bá jìnnà sí i lóru, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lásán ni. Bí wọ́n bá sì ti yọ kámẹ́rà gan-an lọ, káàdì tó wà nínú rẹ̀ á bá a lọ, àyàfi tẹ́ ẹ bá ń sanwó kí áàpù máa bá yín tọ́jú àwòrán síbòmíràn. Torí ẹ̀ ló fi ga tó bẹ́ẹ̀ lókè géètì wa.

Nǹkan kékeré kan sí i: nígbà Ojúde Ọba, ilé Èkó ló ń ṣófo. Mi ò tún gbé àwòrán aṣọ ẹgbẹ́ wa sórí WhatsApp mọ́ títí a ó fi padà dé.

Bàbá Ìbejì ti sọ kámẹ́rà di fóònù báyìí, torí kò ní ná an ní káàdì ìpè. Tó bá nílò nǹkan, yóò dúró níwájú rẹ̀, yóò juwọ́ títí fóònù mi á fi dún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ewùrà ńlá kan ló gbé sókè, ó ń yí i síwá sẹ́yìn kí n lè rí i dáadáa. Ó ní ẹ̀yìn ilé lòun ti wú u, ṣé kí òun fi rán awakọ̀ sí wa, àbí màá wá se ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ fúnra mi ní Kérésì?