Catan ní Kubwa: géèmù tó ń fẹ́ ẹnu ju ọwọ́ lọ

Bó bá jẹ́ géèmù tí ẹ máa fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ta lẹ̀ ń wá, ẹ má ra Catan. Ó ti lé lọ́dún kan tí tèmi ti wà nílé wa ní Kubwa, l'Abuja, kò sì sí ọjọ́ Àìkú tí a gbé e sórí tábìlì tí ẹni tó ń kọjá lójúde ò ní yà béèrè pé ta ló ń bá ta jà. Kò sẹ́ni tó ń jà. Ìyá Ìbejì ló ń ta àgùntàn fún àbúrò mi.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe eré báyìí. PlayStation ni mo fi ń sinmi bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí iná bá wà. Èmi àti àbúrò mi á gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ojú wa méjèèjì á wà lára tẹlifíṣọ̀n, a ò ní bá ara wa sọ gbólóhùn mẹ́wàá. Kò sí àyè fún ìyàwó mi nínú eré yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fún Ìyá Ìbejì aládùúgbò wa. Èyí ló jẹ́ kí n máa wá ohun tí èèyàn mẹ́rin lè jọ ta, yálà iná wà tàbí kò sí. Lúdò ti sú wa. Scrabble, tí Wellington Jighere ọmọ Nàìjíríà gba ife àgbáyé rẹ̀ ní 2015, mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, àmọ́ orí Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ayò ni ọkàn mi wà jù, ẹni méjì péré ló sì ń ta á.

Klaus Teuber, ará Jámánì kan tó ń fi iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá jẹun nígbà náà, ló ṣe Catan. 1995 ló jáde, ọdún yẹn kan náà ló sì gba Spiel des Jahres, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún géèmù ọdún lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ onígun mẹ́fà 19 lẹ máa tò pọ̀ di erékùṣù: igbó 4, pápá àgùntàn 4, oko ọkà 4, ilẹ̀ bíríkì 3, òkè olókùúta 3, àti aṣálẹ̀ kan tí kò mú nǹkan kan wá. Nọ́ńbà wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àyàfi aṣálẹ̀. Ẹ ó ju dáìsì méjì. Ilẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jáde, ẹni tó kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gba káàdì ohun tó so níbẹ̀. Igi àti bíríkì la fi ń la ọ̀nà. Ilé kan fẹ́ igi, bíríkì, àgùntàn àti ọkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ilé di ìlú, òkúta 3 àti ọkà 2 ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní pọ́ìntì 10 ló gbà á.

Ó ṣòro kí ilẹ̀ ẹnì kan mú nǹkan márààrún wá dáadáa, ibẹ̀ sì ni eré wà. Báńkì á gba ohun mẹ́rin tó jọra kó tó fún yín ní ẹyọ kan, ó wọ́n jù, nítorí náà àwọn tẹ́ ẹ jọ jókòó lẹ máa lọ bá ná an. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rí. Ó kan Ìyá Ìbejì, ó ń wá bíríkì kan tí yóò fi parí ilé. Àbúrò mi ní àgùntàn méjì ni òun máa gbà. Ìyá Ìbejì pòṣé. “Àgùntàn méjì kẹ̀? Mú ọ̀kan, màá fi ọkà kan ṣe ènì fún ẹ.” Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó gbà, inú rẹ̀ dùn pé ó jèrè. Káàdì mẹ́sàn-án ló wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọkà. Bí ẹlòmíì bá ju 7, ẹni tí káàdì rẹ̀ ju 7 lọ ní láti dá ìdajì padà. Ọkà tó lè ṣègbé ló fi ṣe ènì, àgùntàn kejì tó fẹ́ fi kọ́lé sì kù sí i lọ́wọ́. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ló ń tà nínú ọjà láti ọdún yìí wá. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní èyí lórí tábìlì wa. Ìwé òfin náà mọ ọjà: kò fàyè gba àwìn. Ẹni tó kàn nìkan ni ẹ lè bá ná an, ohun tó bá sì kúrò lọ́wọ́ ọ̀kan, nǹkan gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ìkejì wá lójú ẹsẹ̀.

Dáìsì ló kọ́kọ́ tan àwa tí lúdò tọ́ dàgbà jẹ. Nínú lúdò, ta ni kò fẹ́ síìsì méjì? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ilé méjèèjì tí àbúrò mi ní ló kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ 12, ó wá ń dúró. Ó dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Àròpọ̀ dáìsì méjèèjì la ń lò nínú Catan. Ọ̀nà 36 ni wọ́n lè gbà balẹ̀, ẹyọ kan péré ló sì jẹ́ 12. Ọ̀nà márùn-ún ni 8 ní, márùn-ún ni 6 náà ní, 7 ní mẹ́fà. Wọ́n ti fi èyí hàn lórí géèmù gan-an: àmì róbótó kéékèèké wà lábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, márùn-ún lábẹ́ 6 àti 8 tí wọ́n fi pupa kọ, ẹyọ kan lábẹ́ 12. Ọmọ tó bá lè kà dé márùn-ún ti mọ ibi tó yẹ kó kọ́lé sí. Nínú gbogbo géèmù tí mo ti ta, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ìṣirò tó le báyìí láìkọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ní ti 7, kò sí ilẹ̀ tó ni ín. Bó bá jáde, ẹni tó jù ú á gbé olè lọ sórí ilẹ̀ ẹlòmíì, ilẹ̀ yẹn á yàgàn, á sì fa káàdì kan yọ lọ́wọ́ ẹnì kan tó kọ́lé síbẹ̀. Nílé wa, a kì í lo olè títí gbogbo wa á fi ju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì. Àlàáfíà la fi rà.

Ibi tó kù sí dùn mí. Ẹni tí ilé méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ kò bá bọ́ sí ibi tó dára lè jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú láì kọ́ nǹkan kan, kò sì sí bó ṣe lè dìde kúrò níbẹ̀. Bí ọ̀ta bá pa òpè nínú ayò, ó yá, wọ́n á tún un ta. Ti Catan ò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi dìde lọ ro àmàlà lọ́jọ́ kan, nígbà tó padà dé, káàdì kan péré la bá a gbà sílẹ̀. Ẹni méjì ò sì lè ta á bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, mẹ́rin ló sì dùn jù.

Lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, owó rẹ̀ ò jìnnà sí ti àpò ìrẹsì kan. Káàdì ọjà gbọ́dọ̀ jẹ́ 95, 19 fún irú kọ̀ọ̀kan. Mo ka àgùntàn, 17. Mo tún un kà, 17. Ọ̀pá kékeré aláwọ̀ ọsàn tó dúró fún ọ̀nà jẹ́ 14 dípò 15. Ẹni náà ní òun á fi ìyókù ránṣẹ́, mi ò tíì rí i dòní. Ẹ kà á kí ọlọ́kadà tó gbé e wá tó lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Wuse 2 tó ní 3D printer ló bá mi ṣe ọ̀nà tó sọnù. Okùn ike ló ń wọ ẹ̀rọ náà, á yọ́, á máa tò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ara wọn. Kò tíì dé ìdajì tí iná lọ. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ dáhùn, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Bí mo bá fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò, mo ṣì ń kan ìlà tín-ín-rín kan níbẹ̀. Ní ti káàdì, ọyẹ́ Abuja ni ọ̀tá wọn: ní oṣù Kejìlá, gbogbo wọn ká bí ewé gbígbẹ. Mo ra ọ̀rá tí wọ́n ń fi káàdì sí, ó sì wò wọ́n sàn.

Mo gbé ti orí fóònù náà wò, Catan Universe. Mo ta á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ tẹ àwòrán àgùntàn, ẹ tẹ bíríkì, ẹnì kejì tẹ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sẹ́ni tó pòṣé. Mo yọ ọ́ kúrò.

Mẹ́gáàdì wa, Hausa, tó ń fi òkúta ta eré dara nínú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ló wá di ẹnì kẹrin nígbà tí àbúrò mi lọ sí Ìbàdàn. Kò ka Gẹ̀ẹ́sì, kò sì dí i lọ́wọ́ púpọ̀, torí nọ́ńbà àti àwòrán ló wà níbi gbogbo. Àfi àwọn káàdì tó ní ọ̀rọ̀ lára, tí mo máa ń kà sí i létí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń ra àgùntàn. Àgùntàn nìkan. Nígbà tí eré bá ti jìnnà, kò sẹ́ni tó ń fẹ́ wọn mọ́, nítorí náà Ìyá Ìbejì kó tirẹ̀ fún un lọ́pọ̀, ó tún fi ènì sí i. Mẹ́gáàdì ti kọ́lé sí èbúté àgùntàn, níbi tí méjì ti ń gba ohunkóhun tó bá wù ú. Ó fi wọ́n gba òkúta, ó fi wọ́n gba ọkà, ó kọ́ ìlú méjì tẹ̀léra wọn, pọ́ìntì 10 sì pé. Ìyá Ìbejì wo èbúté yẹn, ó wo mẹ́gáàdì, ó ní ká tún ilẹ̀ tò.