Mo fi Copernicus Browser wo afẹ́fẹ́ Ṣábẹ: ó dára, ṣùgbọ́n ẹ wá ọkọ̀ òfurufú tì í

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá Copernicus Browser, ojúlé ayélujára tí Yúróòpù fi ń fi àwòrán sátẹ́láìtì rẹ̀ hàn, yẹ ní lílò, ẹ lò ó. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan Sentinel-5P, sátẹ́láìtì tó ń wo gáàsì inú afẹ́fẹ́, ẹ yan gáàsì tí ẹ fẹ́, ẹ mú ọjọ́, àwòrán á jáde. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Ṣábẹ, ní Benin, òun ni mo sì fi ń fi èéfín igbó sísun hàn wọ́n nígbà ọyẹ́. Ọmọ kan bi mí pé, "Mùsíọ̀, ṣé oko bàbá mi ló pọ́n yẹn?" Mo ní ojú kan ṣoṣo (pixel) lórí àwòrán kábọ́ọ̀nù mọ́nósáídì fẹ̀ tó kìlómítà 7 ní 5.5; bàbá rẹ̀ ò ì tíì lówó tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà òjò, ìkùukùu a bo ibí, mẹ́táànì àti náítírójìn dáyósáídì a sì di òfìfo lórí àwòrán. Mo fẹ́ràn òfìfo yẹn. Áàpù kan wà tí mo sanwó fún, kò sígbà tí kì í ní nọ́ńbà fún Ṣábẹ, ìbáà jẹ́ ọjọ́ tí a ò rí orí òkè. Mo kọ̀wé béèrè ibi tí wọ́n ti rí i, wọn ò dá mi lóhùn. Mo ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù mi.

Ẹ má gbàgbé pé sátẹ́láìtì kì í gbé afẹ́fẹ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó lu ilẹ̀ tó sì padà sókè ló ń kà, láti ìsàlẹ̀ dókè pátápátá, kó tó sọ gbogbo rẹ̀ di iye kan. Ibi tí èéfín pọ̀ sí láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè, kọ̀ǹpútà ló ń bá a méfò rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ní tirẹ̀ a fa afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ bó ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń balẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣí dátà IAGOS pẹ̀lú, iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ òfurufú wọn afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ èrò ni wọ́n so ẹ̀rọ mọ́. Láti 1994 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ṣì ń jẹ́ MOZAIC, àwọn tó sì balẹ̀ sí Èkó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má kàn gbé nọ́ńbà kan lé èkejì. Fáìlì sátẹ́láìtì ní averaging kernel nínú, tó ń sọ ìpele tí ojú rẹ̀ tó àti èyí tí kò tó. Òun lẹ máa fi ṣe àtúnwọ̀n iye ti ọkọ̀ òfurufú kí ẹ tó fi àwọn méjèèjì wéra. Ọkọ̀ èrò kì í sábà kọjá kìlómítà 12, nítorí náà ohun tó wà lókè yẹn, ẹ ó yá a níbòmíràn. Wákàtí ńkọ́? Nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni sátẹ́láìtì yìí ń kọjá. Ọkọ̀ tó balẹ̀ lóru ò lè jẹ́rìí fún un.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní irú ẹ̀rí yìí nítòsí. Lóṣù kẹfà àti ìkeje 2016, iṣẹ́ DACCIWA, ìwádìí lórí afẹ́fẹ́ àti ìkùukùu Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, gbé ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta ti Faransé, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì fò láti Lomé, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ síbí ní Ṣábẹ, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Kumasi. Ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá 2017 ni Sentinel-5P ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, wọn ò bá ara wọn pàdé.

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún Copernicus Browser. Bí ẹ bá gba fáìlì, ẹ wo qa_value, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe ṣeé gbára lé tó: fún náítírójìn dáyósáídì, ẹ da èyí tí kò bá ju 0.75 lọ nù. Ẹ má sì fi dátà fóònù gbà á, ó wúwo.