SD, HD, Full HD àti 4K: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà Sílé Yín l'Ábẹ́òkúta?

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣọ̀n ní Ìjàyè tàbí Pansẹ́kẹ́, fídíò tí wọ́n ń fi fa ojú ẹni mọ́ra kì í yàtọ̀ síra: òdòdó, ẹja inú òkun, ìlú òyìnbó lóru. Fídíò tó mọ́ kedere ni, inú fláàṣì ló ti ń jáde, kò sì sí tẹlifíṣọ̀n tí kò ní dára lójú bẹ́ẹ̀. Nílé, ìròyìn OGTV lẹ máa wò, àti bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé, àti fíìmù Yorùbá. Irú àwòrán tó ń wọlé yín gan-an ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ kí ẹ tó na owó, torí tẹlifíṣọ̀n kò lè fi ohun tí wọn ò fi ránṣẹ́ hàn yín.

Iye píksẹ́lì

Àmì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì ló para pọ̀ di àwòrán. SD, èyí tí a ti ń bá bọ̀ láti ayé PAL (ìlànà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí a ń lò), ní 720 ní ìbú àti 576 ní òòró, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 414,720. HD 720p jẹ́ 1280 sí 720, ìyẹn 921,600. Full HD jẹ́ 1920 sí 1080, ó ti lé ní mílíọ̀nù méjì. 4K jẹ́ 3840 sí 2160, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ.

Ẹ wo ohun tí èyí ń sọ. Píksẹ́lì 4K jẹ́ ìlọ́po 20 ti SD. Bí ẹ bá ń wo ìkànnì SD lórí tẹlifíṣọ̀n 4K, nínú gbogbo píksẹ́lì 20 tó wà lójú rẹ̀, ẹyọ kan péré ló ti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá. Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló ń fojú bu 19 yòókù. Bí wọ́n bá ya ọnà àdìrẹ sára aṣọ péńpé ní Ìtòkú, tí ẹ wá nà án kó lè bo odindi bẹ́ẹ̀dì, ọnà náà kò pọ̀ sí i, ńṣe ló fẹ̀. Ìdí nìyí tí SD fi máa ń burú lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá ju bó ṣe rí lórí ti kékeré lọ.

720p àti 1080i: ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú

Nọ́ńbà 1080 tóbi ju 720 lọ, àwọn èèyàn sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tó tẹ̀lé nọ́ńbà náà ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ p, odindi àwòrán ló ń wá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ i, ìlà 1, 3, 5 títí lọ ni yóò kọ́kọ́ wá, kí ìlà 2, 4, 6 tó tẹ̀lé e. Ní ìlànà tiwa àti ti ilẹ̀ Yúróòpù, irú ìdajì àwòrán bẹ́ẹ̀ 50 ló ń wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, 1080i ń gbé ìlà 540 wá, ìyẹn 1,036,800 píksẹ́lì. Bí 720p náà bá ń wá nígbà 50, odindi àwòrán 921,600 ló ń gbé wá nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Lórí ìròyìn àti fíìmù, níbi tí nǹkan kì í ti í sáré, 1080i máa ń mọ́ jù, torí ìlà méjèèjì á bára wọn mu dáadáa. Ṣùgbọ́n bí agbábọ́ọ̀lù bá gbá bọ́ọ̀lù lọ fíìì, ibi tí bọ́ọ̀lù wà nígbà tí ìlà àkọ́kọ́ mú un kọ́ ló wà nígbà tí ìlà kejì dé. Tẹlifíṣọ̀n tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á wá fi etí bọ́ọ̀lù tó rí ṣágiṣàgi hàn yín. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC, ESPN àti Fox mú 720p, nígbà tí CBS àti NBC mú 1080i. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù bí tèmi á mọ̀ pé 720p kì í ṣe ohun ìtìjú rárá.

Ti 1080p, orí íntánẹ́ẹ̀tì, Blu-ray àti ẹ̀rọ géèmù lẹ ti máa ń bá a pàdé jù.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í kọ sára páálí. Àwọn tó ń gbé ìkànnì jáde máa ń fún àwòrán pọ̀ kí ìkànnì púpọ̀ lè gba ojú ọ̀nà kan. Bí wọ́n bá fún un jù, koríko pápá á di àwọ̀ ewé lásán, ojú àwọn òǹwòran á sì dà rú pọ̀, HD ì báà wà lára orúkọ ìkànnì náà.

Títóbi àti ibi tí ẹ ń jókòó sí

Ojú tó dá pé pàápàá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Lórí ínǹṣì 32, bí ẹ bá ti jókòó ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ dá 720p mọ̀ yàtọ̀ sí Full HD mọ́. Lórí ínǹṣì 55, bí ẹ bá ti kọjá ẹsẹ̀ bàtà méje, Full HD àti 4K ti fẹ́ di ọ̀kan náà. Ẹ fi téèpù wọn pálọ̀ yín láti orí àga dé ara ògiri.

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹni tó ń lo díkódà alántẹ́nà tí ìkànnì rẹ̀ pọ̀ jù jẹ́ SD, kó ra ínǹṣì 32 tó jẹ́ HD lásán, kó sì fi owó yòókù ra sìtábíláísà gidi. Ẹni tó ní díkódà HD alásátẹ́láìtì, ínǹṣì 43 Full HD ló bá a mu. 4K yẹ ẹni tó fẹ́ ínǹṣì 55 sókè, tó ń jókòó sítòsí, tó sì ní dátà: Netflix lè jẹ tó 7GB ní wákàtí kan lórí 4K, nígbà tí HD lè jẹ tó 3GB.

Áńtẹ́nà, tòkunbọ̀ àti wáyà

Ìlú olókè olápàáta ni tiwa, ilé tó wà lẹ́yìn òkè kì í rí ìgbì gbà dáadáa. Bí àwòrán bá ń já sí bulọ́ọ̀kù-bulọ́ọ̀kù, ẹ kọ́kọ́ gbé áńtẹ́nà ga kí ẹ tó dá tẹlifíṣọ̀n lẹ́bi. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ń lo ATSC, ìlànà ìgbóhùn-sáfẹ́fẹ́ tiwọn, nítorí náà kò lè gba DVB-T2, ìlànà tiwa, láìsí díkódà. Ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù tó ní àmì Freeview HD lè gbà á.

Wáyà olórí mẹ́ta, yẹ́lò, pupa àti funfun, SD nìkan ló ń gbé. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i lẹ́yìn díkódà HD tí wọ́n fowó gidi rà. HDMI ni kí ẹ lò, kí ẹ sì wọ inú sẹ́tìnì díkódà lọ yí i sí 1080i.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ wá 1366×768 (HD lásán) tàbí 1920×1080 (Full HD) lára páálí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó ń gba 1080p, ìyẹn kò sọ pé ojú rẹ̀ ní 1080. Ọ̀pọ̀ ínǹṣì 32 jẹ́ 768. Ẹ ní kí wọ́n yọ fláàṣì, kí wọ́n so díkódà mọ́ ọn, kí wọ́n sì fi bọ́ọ̀lù sí i. Ẹ sún sẹ́yìn tó bí ẹ ṣe ń jìnnà sí i nílé, kí ẹ wá tẹ Info lórí rìmóòtù kí ẹ lè rí ohun tó ń wọlé. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.