Ẹ ṣọ́ra o: C àti D kì í ṣe hard disk méjì

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra laptop tòkunbọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí owó yín tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo lọ ra laptop ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe, ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, nítorí náà ibi tí mo máa kó àwòrán sí ni mo kọ́kọ́ bèèrè. Ọmọkùnrin tó ń tajà ṣí "This PC", ibi tí Windows ti ń fi àwọn àyè ìkó-nǹkan-sí hàn, ó fi ìka kan C, ó fi kan D. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ wò ó, hard disk méjì ló wà nínú ẹ̀. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, iṣẹ́ yín á ṣì wà lórí ìkejì." Mo fi ₦35,000 lé owó tí a ti jọ fẹnu kò sí tẹ́lẹ̀ nítorí hard disk kejì yẹn.

Mo gbà á gbọ́. Gbogbo àwòrán tí mo bá gbé sórí C, mo máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí D, lẹ́yìn náà ni mo máa pa ti inú memory card rẹ́ kí n lè lò ó fún òde mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kà, kà, kà, bí ẹni ń fi èékánná kan tábìlì. Lọ́jọ́ kejì, C kò ṣí, D náà kò ṣí. Wọ́n jọ lọ ni.

Ẹnjiníà tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe tú ìdí rẹ̀ níṣojú mi. Hard disk ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, àyè rẹ̀ jẹ́ 1TB (ìyẹn 1,000GB). Kò tiẹ̀ sí àyè tí wọ́n lè ki ìkejì bọ̀.

Ohun tí ọmọkùnrin yẹn ṣe kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kò sì ná an ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Èkó, ẹ mọ bí àwọn lándílọ́ọ̀dù kan ṣe ń fi pákó dá yàrá kan sí méjì kí wọ́n lè gba owó yàrá méjì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni pípín hard disk rí. Àkọsílẹ̀ kékeré kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ disk tó ń sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe gùn tó. Òun ni Windows ń kà kó tó fún ìpín ní lẹ́tà, bíi C tàbí D. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MBR, tó ti wà láti 1983, kò gbà ju ìpín àgbà mẹ́rin lọ, kò sì lè dé ibi tó bá kọjá 2TB. Irú àkọsílẹ̀ kejì, GPT, tó wà lórí àwọn ẹ̀rọ tuntun gba ìpín 128 lórí Windows, ó sì ń tọ́jú ẹ̀dà ara rẹ̀ sí òpin disk. Èyí tó wù kó jẹ́, mọ́tò kan náà ló ń yí gbogbo ìpín. Bí mọ́tò yẹn bá kú, gbogbo lẹ́tà ló bá a lọ.

Mi ò ní pípín disk burú o. Tí Windows bá dàrú, ẹ lè fọ́ọ̀mátì C (kí ẹ nù ún mọ́ pátápátá) láìfọwọ́ kan iṣẹ́ tó wà lórí D. Kí wọ́n pè é ní hard disk méjì kí wọ́n sì gbowó lé e lórí, olè ni.

Èyí tó tún dùn mí jù wà níwájú. Ẹnjiníà fi wáyà so disk náà mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ṣí Disk Management, ibi tí Windows ti ń fi bí wọ́n ṣe pín disk hàn. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde: C, 380GB, àlàfo dúdú kan tí wọ́n kọ "Unallocated" (àyè tí wọn kò pín fún ẹnikẹ́ni) sí, 71GB, lẹ́yìn náà D, 480GB. (Ẹ rò ó pọ̀, 931GB ni. Bí Windows ṣe ń ka 1TB nìyẹn, torí 1,000 ni àwọn tó ń ṣe disk fi ń ṣírò, Windows ń fi 1,024 ṣírò. Ẹ má bá òǹtajà jà lórí ìyẹn.) CrystalDiskInfo, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń yẹ ìlera disk wò, gbé àwọ̀ yẹ́lò jáde, "Caution" (ẹ ṣọ́ra). Nígbà tó wá yẹ ojú disk náà wò, inú àlàfo dúdú yẹn ni ọ̀pọ̀ ibi tó ti kú wà. Ẹni tó pín in mọ ibi tó ti jẹrà, ó fò ó kọjá kí Windows má baà kàn án. Ṣùgbọ́n disk tó bá ti ń jẹrà kì í sábà dúró síbi kan.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager lè ṣí, ẹ lọ sí Performance nínú rẹ̀. Tí ẹ bá rí "Disk 0 (C: D:)", ẹyọ kan ni. Tó bá jẹ́ méjì lóòótọ́, ẹ máa rí Disk 0 àti Disk 1 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kàn wò ó pé kì í ṣe flash ni wọ́n kì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí Disk Management náà. Àlàfo kékeré ní ìparí kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n èyí tó bá fẹ̀ láàárín C àti D, ẹ bèèrè ìdí. Ẹ gbé CrystalDiskInfo dání lórí flash yín, ọ̀fẹ́ ni. Tí kò bá sọ "Good", ẹ fi ọjà náà sílẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sí rìsíìtì: disk mélòó, GB mélòó. Tèmi, "1 laptop" péré ni wọ́n kọ.

Nígbà tí mo gbé e padà, wọ́n ní èmi ni mo já a lulẹ̀, pé káwọn bá mi fọ́ọ̀mátì ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má gbà á o! Tí Windows bá ní "You need to format the disk", ẹ tẹ Cancel, ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ ìpín ló bàjẹ́, fáìlì lè ṣì wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi kọ nǹkan mìíràn lé e. Torí pé mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án la ṣe rí àwòrán 212 yọ nínú 640 tí mo yà níbi ìgbéyàwó kan. Èyí tí ìyàwó kúnlẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń gbàdúrà fún un kò sí níbẹ̀. Mo ti dá owó wọn padà, mo sì ti lọ bẹ ìyá ìyàwó nílé.