Ṣakabùlà Àlòkù Tí Mo Rà Lọ́nà Àkànràn

Ṣakabùlà oníkápù kan ni mo fẹ́ ṣàgbéyẹ̀wò rẹ̀ fún yín, èyí tí òòlù ń lu kápù, ìdérí kékeré tó ń ṣáná, kí iná lè ran ẹ̀tù inú rẹ̀. Àlòkù ni. Ọwọ́ ọmọ ọdẹ kan lọ́nà Àkànràn, níjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà n'Ìbàdàn, ni mo ti rà á. ₦140,000 ló pè é, a ná an títí, ₦95,000 ló gbà. Láti ìgbà tí àgbàdo ti gbó lóko títí ọyẹ́ fi dé ni mo ti ń lò ó. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á, mo ti tú u palẹ̀, mo sì ti tò ó padà, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí n kọ́kọ́ sọ: irin ìbọn ni kí ẹ rà, ẹ má ra igi rẹ̀. Ìdí ìbọn lè máa dán bíi dígí, wọ́n lè fi awọ àti owó ẹyọ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kò kan ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín.

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n máa ń wo fíìmù kọ́bọ́ì bi mí pé ṣé n kò kúkú wá ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ yẹn, èyí tí àgbá ọta rẹ̀ máa ń yí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wí. Samuel Colt ló gba àṣẹ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1836, èyí tí wọ́n ń pè ní Colt Navy sì jẹ́ ti ọdún 1851. Ẹ̀tù dúdú lòun náà ń jẹ bíi ṣakabùlà wa. Wọ́n á da ẹ̀tù sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ki ọta lé e, wọ́n á fi kápù dé e lẹ́yìn, ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n ṣì ń ṣe irú rẹ̀ tuntun ní Ítálì títí di òní, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń rà á láìbẹ̀rù. Ní Nàìjíríà, ẹ má dán an wò. Òfin ìbọn ọdún 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta, ìbọn ìléwọ́ sì wà nínú èyí tí a fòfin dè, àti olókùúta (èyí tí òkúta ń ṣáná fún), àti oníkápù, àti tuntun, àti ògbólógbòó, pẹ̀lú ìbọn àwọn ṣọ́jà lójú kan náà. Ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà wà, ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ ló lè ní in. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ṣakabùlà ni ẹni tó bá fẹ́ yin ẹ̀tù dúdú n'Ìbàdàn lè fọkàn sí.

Èmi kì í ṣe ọdẹ alẹ́. Oko ni mo ń dá, ọ̀yà ló sì lé mi débi ìbọn. Ẹni tó bá ti gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lápá ibẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ. Wọ́n á gé e nílẹ̀ lóru bí ẹni fi àdá bẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ díẹ̀, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ kó rọ.

Ọ̀nà Àkànràn yìí, àwọn àgbà ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí ṣakabùlà. Àwọn kan nínú wọn ṣì lè sọ bí ilẹ̀ ṣe gbóná nígbà Agbẹ́kọ̀yà, tí àwọn àgbẹ̀ dìde lòdì sí owó orí, lọ́dún 1968 sí 1969. Ìbọn tí mo rà yìí, baba ẹni tó tà á fún mi ló ni ín, bàbá náà sì ti di olóògbé. Ó wà lórí ìṣó lára ògiri pálọ̀, wọ́n dojú rẹ̀ kọ òrùlé.

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá wa ò fi ìbọn yìí ṣeré o," ni ọmọkùnrin náà wí. "Ọ̀yà, ẹtu, ìgalà, òun ni wọ́n fi pa gbogbo ẹ̀. Ẹ wo ara igi ẹ̀ bó ṣe ń dán."

Mo ní, "Àbúrò, mo ti rí igi. Bá mi mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń kì í wá ná."

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Kí ẹ tó wo ohunkóhun lára ìbọn àlòkù, ẹ ti ọ̀pá ìkìbọn bọ ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí tó fi máa dúró. Ẹ fi ìka di ibi tí ẹnu ìbọn mọ lára ọ̀pá náà mú. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ wá nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ìbọn lóde. Bí orí ọ̀pá náà bá dé itòsí ihò tí iná kápù ń gbà wọlé, inú ìbọn ṣófo. Bí kò bá dé ibẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ti ìbọn yìí kù ní bí ìka mẹ́rin. Mo tún un ṣe, ibẹ̀ náà ló dúró sí. Ìbọn tó ti wà lára ògiri láti ìgbà tí bàbá ti kú, tí àwọn ọmọ ilé ń sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀, ó kì sílẹ̀ digbí! Ojú ọmọkùnrin náà yí padà. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Èyí tí wọ́n gbé kọ́ pálọ̀ yìí tún wá ní apátí, ó ní ẹ̀tù, ó sì ní ọta.

Mo ní a ò ní sọ̀rọ̀ owó títí alágbẹ̀dẹ á fi rí i. A gbé e lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ kan lágbègbè Ọjà'ba tó ti pẹ́ nídìí ìbọn ọdẹ. Bàbá náà kò tilẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dojú ìbọn kọ ògiri alámọ̀, ó yẹ ibi kápù wò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ó da omi sí i lẹ́nu, ó fi í sílẹ̀ kí ẹ̀tù inú rẹ̀ rin dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀pá tí orí rẹ̀ rí kọdọrọ fa àkísà jáde, ó da ọta wẹ́wẹ́ sínú àwo, ẹ̀tù sì tẹ̀ lé e bí ẹrẹ̀ dúdú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo irin.

Ọ̀pọ̀ ṣakabùlà tó wà nígboro lónìí, páìpù omi ni wọ́n fi ṣe irin wọn. Páìpù omi ní ojú àjórán tó gba inú rẹ̀ já láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń là. Bàbá náà fi ìka tọ inú ẹnu ìbọn, ó ní kí èmi náà tọ́ ọ. Ó jọ̀lọ̀, n kò kan ojú àjórán kankan. Ó fi irin kékeré kan ìbọn náà láti ẹnu dé ìdí, ó ń tẹ́tí sí dídún rẹ̀. Ó ní irin tó bá ti sán kì í dún ketekete. Ó so iná tọ́ọ̀ṣì kékeré mọ́ okùn sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ti dógùn-ún díẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí ẹ̀tù àtijọ́ yẹn jókòó sí, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ irin wọnú. Òòlù rẹ̀ dúró gbọin nígbà tí ó fà á dé ìdajì; ó fa apátí lójú ibẹ̀, kò já. Bí òòlù bá lè já láti ìdajì, ẹ gbé ìbọn náà padà fún olówó rẹ̀.

Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ ni ìgbà tí a gbé e lọ sóko. Bàbá alágbẹ̀dẹ so ìbọn náà mọ́ kùkùté igi, ó kì í bí ọdẹ ṣe ń kì í, ó so okùn gígùn mọ́ apátí, gbogbo wa sì lọ dúró sẹ́yìn òkìtì. Ó fa okùn. Ìbọn náà ró, èéfín bo kùkùté mọ́lẹ̀. Nígbà tí èéfín lọ tán, ó fi aṣọ funfun nu ìdí irin yíká, ó ń wá ibi tí dúdú èéfín ti gba ojú sísán jáde. Kò rí. Lẹ́yìn èyí ni mo tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ìwé àṣẹ orúkọ bàbá tó kú kò lè di tèmi, nítorí náà èmi àti ọmọ rẹ̀ jọ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, pẹ̀lú lẹ́tà àwọn ọdẹ àdúgbò wa àti rìsíìtì. Ó gba sùúrù. Mi ò gbé ìbọn náà délé títí ìwé orúkọ tèmi fi jáde, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Lóde òní tí ọkàn gbogbo èèyàn ò balẹ̀ lójú ọ̀nà, ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìbọn tí kò ní ìwé ní òru?

Ó yá, báwo ló ṣe ń yìn? Ó wuyì gan-an. Ìró rẹ̀ kì í ṣe ìró fàá bíi ti ìbọn olóyìnbó. Ó máa ń ró kíkankíkan, ó ń tini léjìká ju kó gbáni lọ. Èéfín rẹ̀ funfun, ó pọ̀, bí atẹ́gùn kò bá fẹ́, ẹ ò ní rí ohun tí ẹ yìn títí yóò fi ká. Mo na bébà àpò sìmẹ́ńtì mọ́ igi ọ̀pẹ, mo dúró ní ìṣísẹ̀ 20. Ọta wẹ́wẹ́ tó pọ̀ jù ló wọ àárín bébà náà. Ní ìṣísẹ̀ 30, ó ti tàn ká, ọ̀yà ò sì ní yè é. Ní 40, àlàfo tó wà láàárín ọta kan sí èkejì ti tó kí odindi ọ̀yà gbà á kọjá. Láti ọjọ́ náà, bí ẹran bá jìnnà jù 30 lọ, mi ò yìn ín, torí kí ẹran gba ọgbẹ́ lọ kú sínú igbó dùn mí ju kó lọ láyọ̀ lọ.

Ìwọ̀n ẹ̀tù kan náà ni mo ń lò ní gbogbo ìgbà, inú ìdérí kékeré kan ni mo ti ń wọ̀n ọ́n. Mi ò jẹ́ da ẹ̀tù látinú àdó sẹ́nu ìbọn tààrà. Ẹ̀ṣẹ́ná lè ṣẹ́kù nínú irin lẹ́yìn tí ẹ yìn ín tán, bó bá sì ran ẹ̀tù tó ń ṣàn wọlé, gbogbo àdó ló máa bú gbàmù lọ́wọ́ yín. Ọta náà gbọ́dọ̀ jókòó lé ẹ̀tù pátápátá. Bí àyè bá wà láàárín wọn, irin lè wú tàbí kó là, ì báà jẹ́ irin tó dára jù lọ. Mo fi ọ̀bẹ fá àmì sára ọ̀pá ìkìbọn mi, bí àmì náà ò bá kan ẹnu ìbọn, mi ò gbé kápù lé e.

Ó kọ̀ fún mi nígbà òjò. Òòlù já lu kápù, kápù dún, ìbọn ò ró. Ẹ má gbé e sílẹ̀ nígbà yẹn, ẹ má sì yọjú wò ó. Iná lè ṣì máa rìn lọ sídìí ẹ̀tù. Mo dojú rẹ̀ kọ ibi tí mo ti ń yìn ín, mo kà dé ọgọ́ta kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Omi ló wọ ihò iná rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi awọ ewúrẹ́ bo ibẹ̀ bí òjò bá ṣú.

Kíkì rẹ̀ falẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹran tí ẹ bá tàsé ti lọ nìyẹn. Ogun Kírìjì tí Ìbàdàn bá Èkìtìparapọ̀ jà, láti 1877 sí 1893, ibi tó ti ni àwọn baba wa lára nìyí: ṣakabùlà ló wà lọ́wọ́ wọn, nígbà tí Èkìtìparapọ̀ ti ń rí ìbọn tí wọ́n ń ti ìdí kì gbà láti Èkó. Nígbà tí ẹni kan bá fi ń ti ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn, ẹni kejì á ti yìn ín léraléra. Lóko tèmi, ìfalẹ̀ yìí kò ṣe nǹkan kan fún mi. Ó ń jẹ́ kí n ronú kí n tó fa apátí.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni iṣẹ́ gidi. Ju ìdajì ẹ̀tù dúdú tó jó lọ ni kì í di gáàsì. Ó máa ń di ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ inú irin, ó sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. N'Ìbàdàn, lásìkò òjò, bí ẹ bá yìn ín nírọ̀lẹ́ tí ẹ sì gbé e kọ́, ilẹ̀ á mọ́ bá ìpẹtà nínú rẹ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ dúdú ni mo fi ń fọ̀ ọ́, omi tó ń jáde máa ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ nítorí imí ọjọ́ inú ẹ̀tù. Mo máa ń fọ̀ ọ́ títí àkísà á fi jáde ní funfun, mo máa ń gbẹ ẹ́ lójú oòrùn, kí n tó fi àdín pa á tinú tòde. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí lọ́jọ́ tó bá yìn ín gan-an, kó má rà á.

Àléébù rẹ̀ wà. Apátí rẹ̀ le jù, èèyàn máa ń mi ìbọn kí ó tó já, sípíríìngì òòlù ló fà á. Ìdí rẹ̀ kúrú fún ẹni tó ga bíi tèmi. Ọyẹ́ sì tún mú òmíràn wá: àkísà tí mo fi ń dí ọta máa ń bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iná lára, koríko gbígbẹ sì ni gbogbo etí oko. Mo ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání báyìí, mo sì máa ń tẹ ibi tí àkísà bá balẹ̀ sí mọ́lẹ̀ kí n tó wá ẹran tí mo yìn.

Ní ₦95,000, owó mi ò ṣòfò. Àmọ́ bí ẹni kan bá pe irú rẹ̀ ní ₦140,000, tí kò sì gbà kí ẹ so ó mọ́ kùkùté fi okùn yìn ín lójú òun, ẹ bá a gbé e padà sórí ìṣó rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọ̀pá wọn inú rẹ̀ fún un.